"A Dúpẹ́" Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ẹsẹ̀ Mi

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ni mo fi máa ń tẹ pẹ́dàlì ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, níbi tí mo ti ń rán ẹ̀wù fún àwọn ọmọ ilé-kéú tí wọ́n ń múra wòlímọ̀, ẹsẹ̀ náà kọ̀ fún mi. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí títí bẹ́ẹ̀. Ó kàn wúwo, àfi bíi pé ẹnì kan jókòó lé e. Mo fi ọwọ́ tẹ itan mi, mo sì rí i pé ibì kan wà láàárín ẹran ibẹ̀ tó le ju ibòmíràn lọ. Mo ní bóyá nítorí pé mo ti jókòó pẹ́ ni. Mo fi ẹsẹ̀ òsì tẹ pẹ́dàlì, mo rán aṣọ náà tán, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Mò ń kọ èyí fún ẹni tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí, yálà ó wà lórí ibùsùn ni o, tàbí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Sàfúrátù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ràfíà ni gbogbo Akron, àdúgbò wa, ń pè mí nítorí ọmọbìnrin mi. Ìgbà tí mò ń sọ yìí jẹ́ ọdún kejì tí àwọn sójà ti gbàjọba ní ilẹ̀ wa. Àràárọ̀ ni rédíò ń fi ọ̀rọ̀ ìyípadà jí wa. Wọ́n ní kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọọ̀ṣẹ́ mọ́, kàmáráàdì ni gbogbo wa. Èmi ò bá wọn jiyàn. Aṣọ ni mò ń rán.

Ní ọjọ́ kẹta, ibà dé. Á gbọ̀n mí títí, á fi mí sílẹ̀ nínú òógùn, á tún padà wá. Itan náà wú, àmọ́ kò pọ́n, kò sì ní ojú bí eéwo tí a mọ̀. Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé nínú agboolé kan, ń fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ fún mi. Ó fẹ́ràn mi, ọwọ́ rẹ̀ sì le. Bí ó bá ti ń wọ́ ọ, mo máa ń fi eyín tẹ ètè mi títí yóò fi parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún wa nílé ìwòsàn pé kò yẹ kí a máa wọ́ ọ rárá, pé ńṣe ni à ń ti ohun tó wà níbẹ̀ wọ inú lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan nípa ara mi níbí, torí òun ló fa púpọ̀ nínú ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo bí Ràfíà, mi ò ké. Ìyá ọkọ mi ròyìn rẹ̀ káàkiri Akron, ó sọ ọ́ nílé ìsọmọlórúkọ, ó sọ ọ́ nílé òkú. "Ìyàwó mi yìí, bó o gún un lábẹ́rẹ́, kò ní ṣe hẹ̀n." Inú mi máa ń dùn bí ó bá ń sọ ọ́. Mo wá di obìnrin tí kì í ké, mi ò sì mọ bí màá ṣe bọ́ orúkọ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ké.

Nígbà tó di pé mi ò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ mọ́, ọkọ mi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń tì í lọ, mo di ìjókòó mú. Káfíńtà ni Bàbá Ràfíà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. A dé ilé ìwòsàn kan nínú ìlú, èyí tí mi ò ní dárúkọ, kí oòrùn tó mú. A bá àwọn ènìyàn lórí bẹ́ǹṣì, àwọn mìíràn sì jókòó sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wà ní àgbàlá, wọ́n ń ṣèpàdé ìyípadà. Orin wọn ń dé ọ̀dọ̀ wa, àtẹ́wọ́ ń dún. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé ọmọ tí ojú rẹ̀ ti yí sókè sẹ́sẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó dìde lọ pè wọ́n. Ta ló fẹ́ kí wọ́n ní òun ń da ìpàdé ìlú rú? Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó dé.

Dókítà tẹ itan mi níbi mẹ́ta, ó gún abẹ́rẹ́ gígùn kan wọ inú rẹ̀, ó sì fà á. Ohun tó wọ inú abẹ́rẹ́ náà dà bí ẹ̀kọ tí ẹ̀jẹ̀ kán sí. Faransé ló ń sọ, nọ́ọ̀sì kan tó dúró tì í ló tú u fún wa. Ọmọ ìlú Àjàrá ni nọ́ọ̀sì náà, bàbá rẹ̀ jẹ́ Nàgó bíi tiwa, tí a jọ ń sọ èdè kan náà, ìyá rẹ̀ jẹ́ Gùn. Màdámù Pọ́líìnì ni a ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ.

Ó ní, "Ìyá, eéwo ni, àmọ́ inú ẹran ló wà, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí ojú rẹ̀. Wọ́n á là á kí ọyún rẹ̀ jáde. Wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há a, kí èyí tó bá kù lè máa sun síta."

Ó sọ ọ́ dáadáa, ó yé mi, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ka ìyókù. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n là á. Nígbà tí mo jí, mo bá ara mi nínú yàrá àwọn obìnrin, ẹsẹ̀ mi nínú báńdéèjì láti ìdí dé orúnkún, rọ́bà náà yọ orí síta. Ìyá ọkọ mi ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí àwọn ẹbí aláìsàn ló ń fún un ní oúnjẹ, àwọn ló sì ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n so bébà kan mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì níbi ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ń pè é ní fíìsì. Lórí rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń kọ bí ara aláìsàn ṣe gbóná sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àti bí ó ṣe sọ pé ó ń ṣe òun. Bí dókítà bá dé, fíìsì ló máa kọ́kọ́ wò kó tó wo ènìyàn.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, Màdámù Pọ́líìnì ń fi tẹmọmẹ́tà, ọ̀pá dígí tí wọ́n fi ń wọn ooru ara, sí mi lábíyá. Ní ọjọ́ kẹta, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sáré lọ sí ìpàdé, ó fọ́. Tẹmọmẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ló sì wà fún yàrá ọkùnrin àti yàrá obìnrin. Wọ́n ní òmíràn ń bọ̀ láti Kútọnu. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín èmi àti nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń kí ara wa. Á dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, bíkì tó fi ń kọ̀wé á wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ràfíà. Ṣé ara ti le?"

"A dúpẹ́."

Ìyá ọkọ mi á gbà á lẹ́nu mi láti orí ẹní: "Alihamdulilahi, ara ti le. Ìyàwó mi kì í ṣojo."

Á kọ nǹkan sórí fíìsì, á sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Nígbà mìíràn òun nìkan ló wà fún yàrá méjèèjì, torí àwọn tó kù wà ní ìpàdé. Mo máa ń rí òógùn lẹ́yìn aṣọ funfun rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìrora mìíràn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn itan mi, níbi tí wọn ò là. Ó ń lù kìkì kìkì bíi pé mo ní ọkàn kejì níbẹ̀. Ibà padà dé. Mo mọ̀ pé ó ti padà dé, ara mi ni. Nígbà tí Màdámù Pọ́líìnì sì bi mí bóyá ara ti le, mo ní a dúpẹ́. Kí ni kí n tún sọ? Ènìyàn kí mi, mo dá a lóhùn. Nàgó wo ni yóò kí ọ ní àárọ̀ tí wàá máa ka àìsàn sí i létí, pàápàá níwájú ìyá ọkọ rẹ? Mo ní bí ó bá kí mi tán, yóò bi mí. Ó kọ nǹkan, ó lọ. Mo tún ní bíkì yẹn mọ ohun tí èmi ò mọ̀, pé ohun tó kọ kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju òtítọ́ ara mi lọ. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo òrùlé. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo pinnu pé màá sọ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbé kalẹ̀ lọ́kàn mi, mo ti to gbogbo rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọ̀hún, ahọ́n mi ti wúwo. Mo ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí irin bẹ́ẹ̀dì ń dún. Mo ń rí àwọn ènìyàn bíi pé wọ́n wà lẹ́yìn aṣọ tín-ín-rín. Dókítà dé, pẹ̀lú ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní májọ̀, àti Màdámù Pọ́líìnì lẹ́yìn wọn. Dókítà wo fíìsì. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí mi, ó tún wo fíìsì. Faransé tí mo gbọ́ kò ju ti ọjà lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "pàlú", mo sì gbọ́ "nìfakíìnì", oògùn ibà tí gbogbo ilé ní. Ó yé mi pé ibà ẹ̀fọn ló rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi láàárọ̀ yẹn. Ìwé náà ní ara mi tutù lánàá, ó ní ó tutù níjẹta. Ó fẹ́ fún mi ní oògùn ibà, kó sì fi mí sílẹ̀ di ọ̀la.

Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀yìn itan mi ni. Ẹnu mi là, kò sí ohùn. Mo wo ìyá ọkọ mi, ìyẹn ń sọ fún wọn pé, "Láàárọ̀ yìí ló yí padà o, àná ó ní òun dúpẹ́." Òtítọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ẹnu ara mi sé ọ̀nà mọ́ ara mi. Mi ò tíì mọ ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, pé kí àwọn ènìyàn dúró yí mi ká láti gbà mí, kí n sì máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń múra àtilọ.

Dókítà ti kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Májọ̀ ti tẹ̀ lé e. Màdámù Pọ́líìnì nìkan ló ṣì dúró, fíìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Ó fi fíìsì sílẹ̀, ó wá láti ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wá sí ibi orí mi, ó sì jókòó lé etí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí wọn kì í gbà kí nọ́ọ̀sì ṣe. Ó mú ọwọ́ mi.

"Ìyá Ràfíà, mo ti kí yín tán. Ìbéèrè ni mò ń bi yín báyìí. Níbo ló ti ń dùn yín?"

Mo fi ìka hàn án. Ẹ̀yìn itan.

"Láti ìgbà wo ni ara yín ti ń gbóná?"

Mo na ìka mẹ́ta sókè. Ìyá ọkọ mi dìde lórí ẹní.

Màdámù Pọ́líìnì pe dókítà padà. Ó sọ ọ̀rọ̀ mi ní Faransé. Lẹ́yìn náà ó tún sọ gbólóhùn kan sí i, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ń tọ́ka sí fíìsì, mo sì rí ojú májọ̀ tó yí padà. Dókítà yí mi sí ẹ̀gbẹ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn itan mi.

Èmi, obìnrin tí kì í ké, mo ké. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé ẹnu géètì.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti là á lẹ́ẹ̀kejì. Ọyún mìíràn ti gbára jọ lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ eegun. Wọ́n sọ fún Bàbá Ràfíà pé ká máa wò ó di ọjọ́ mẹ́ta, pé bó bá ti wọ eegun tàbí ẹ̀jẹ̀, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kí wọ́n lè dá ẹ̀mí sí. Ó wá sọ fún mi fúnra rẹ̀, kò fi pamọ́. Ó wò mí, ó ní, "Màá sún pẹ́dàlì náà sí apá òsì." Ohun tó rí sọ nìyẹn. Mo sunkún, òun náà sunkún. Ọjọ́ mẹ́ta náà, abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì tọ̀sán-tòru, mo ń wo ìka ẹsẹ̀ mi bóyá wọ́n ṣì jẹ́ tèmi. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Màdámù Pọ́líìnì lọ yá tẹmọmẹ́tà ní yàrá àwọn ọmọdé, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin ni ooru ara mi wálẹ̀ tí kò sì gòkè mọ́.

Ọjọ́ kẹrin yìí ni Màdámù Pọ́líìnì sọ òtítọ́ fún mi. Ó ń pààrọ̀ báńdéèjì, kò gbójú sókè.

"Gbólóhùn tí mo fi kún un lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí dókítà má gba fíìsì gbọ́. Mi ò wọn yín. Láti ìgbà tí tẹmọmẹ́tà ti fọ́, mo kàn ń kọ iye tó dára síbẹ̀ ni, torí ẹ ní ẹ dúpẹ́."

Mo ní, "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ Nàgó ni mí, Ìyá. Mo mọ ohun tí a dúpẹ́ jẹ́. Mo mọ̀ pé ìkíni lẹ fi ń dá mi lóhùn. Àmọ́ àwọn aláìsàn pọ̀, ó rẹ̀ mí, ó sì rọrùn fún mi láti gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Mi ò ní parọ́ fún yín, inú bí mi. Mo yí ojú sí ògiri. Mo rò ó pé bí wọ́n bá ti gé ẹsẹ̀ mi ńkọ́, ṣé "ẹ jọ̀ọ́" ni màá fi máa rìn? Ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó kó àwọn aṣọ ojú egbò ẹlẹ́jẹ̀ sínú abọ́, ó lọ. Ọjọ́ méjì ni mi ò bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ méjèèjì, ó ń kí mi, ó ń jókòó, ó ń bi mí níbo ló ti ń dùn mí, èmi a sì fi ìka hàn án.

Ìyá ọkọ mi ló sọ ọ̀rọ̀ tó yí mi lọ́kàn padà. Ó ń fọ ẹsẹ̀ tó dára fún mi. Ó ní, "Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n kó èmi náà mọ́ ọn. Èmi ni mò ń fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ yangàn." Mi ò rò pé màá gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láyé.

Wọ́n sì ń wá ẹni tó ṣẹ̀ lóòótọ́. Ẹgbẹ́ ìyípadà ilé ìwòsàn náà gbọ́ ọ̀rọ̀ fíìsì. Lásìkò yẹn, bí òṣìṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe, wọ́n lè ní ọ̀tá ìlú ni. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Ràfíà pé kó wá jẹ́rìí lòdì sí nọ́ọ̀sì náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bó bá máa lọ, kó sọ méjèèjì: pé ó kọ irọ́, pé òun náà ló sì tú irọ́ náà síta nígbà tí kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ó lọ. Ó ní òun sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ apá àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé apá kejì, wọ́n ní ó ti tó. Orí ibùsùn ni mo wà, mi ò lè dìde lọ sọ ọ́ fúnra mi.

Mo padà sílé pẹ̀lú igi méjì lábíyá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màdámù Pọ́líìnì yà sílé wa ní Akron, àpò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Ìyá Ràfíà. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́. Àpá ń yún mi, orúnkún kò sì tíì tẹ̀ tán."

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá ti gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní òkè lọ́hùn-ún, ní apá àríwá, níbi tí kò sí ẹni tó ń sọ Nàgó tàbí Gùn. Ọ̀la ló máa lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àjàrá.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Ó ní, "A dúpẹ́," ó sì gbé àpò rẹ̀ láti máa lọ.

Mo fi igi abíyá mi fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn. Mo ní, "Mo ti kí yín tán, Màdámù. Ìbéèrè ló kù. Níbo ló ti ń dùn yín?"

Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó bú sẹ́kún, ìyá ọkọ mi sì bu omi wá. A jókòó tì í títí ó fi lè dìde.

Ẹsẹ̀ mi ṣì wà lára mi. Àpá méjì wà lára itan mi, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, bí òjò bá fẹ́ rọ̀ wọ́n máa ń sọ fún mi. Mo ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dàlì. Mo mọ̀ báyìí pé ara kì í parọ́, pé ohùn rẹ̀ ni mo ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá kí mi lójú ọ̀nà, mo ṣì ń ní a dúpẹ́, ọpẹ́ ọ̀hún sì dé inú mi lọ́hùn-ún. Nílé ìwòsàn nìkan ni mo máa ń dúró, kí n fi ìka hàn wọ́n. Mi ò rí Màdámù Pọ́líìnì mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan wà ní òkè lọ́hùn-ún tó ń bi í léèrè lẹ́yìn ìkíni.